Ẹja Olóólà ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa orúkọ tó yẹ ká fún ẹja òkun tí wọ́n ń pè ní surgeonfish lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ohun mímú bí abẹ tó wà ní ìdí ìrù rẹ̀. Àbúrò wa tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dábàá *ẹja oníṣẹ́-abẹ*. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń rẹ aró ní Ìtòkú ní ká pè é ní *ẹja aláró* nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí n kò fi gba méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni pé èyí tí àwòrán rẹ̀ pọ̀ jù, Paracanthurus hepatus ti Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, rí bí aṣọ aró, tí ìrù rẹ̀ sì dà bí èso ìyeyè. Ṣùgbọ́n ọ̀kan péré ni nínú irú tó lé ní 80. Acanthurus coeruleus ti òkun Karibíánì, ìyeyè ni àwọ̀ rẹ̀ léwe, ó di ìgbà tó bá ń dàgbà kó tó máa di aró. Èyí tó wà létí òkun tiwa níhìn-ín, Acanthurus monroviae, tí wọ́n ń rí láti Mòrókò títí dé Àǹgólà, ó dúdú bí ilẹ̀, àmì ìyeyè kan ló wà ní ìdí ìrù rẹ̀, níbi tí abẹ rẹ̀ gan-an wà. Aró kò lè kó gbogbo wọn.

Ní ti *oníṣẹ́-abẹ*, ọ̀rọ̀ ọsibítù ni, ó sì gùn lẹ́nu. Bí ẹnì kan bá tún tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i, *abẹ* tó ń gé nǹkan ti di *abẹ́* nìyẹn. Àwa ará Abẹ́òkúta kò lè fojú kékeré wo àmì orí ẹ́ẹ̀ yẹn.

Ní Lafẹ́nwá, mo fi àwòrán Acanthurus lineatus han ìyá ẹlẹ́ja kan tí mo máa ń ra àrọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlà aró àti ìlà ìyeyè ló tò lára ẹja náà láti orí dé ìdí ìrù. Ìyá wò ó títí, ó ní, "Ta ló kọlà fún èyí?" Mo wá ṣàlàyé abẹ rẹ̀ fún un: ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ìdí ìrù, ẹyọ kan lósì, ó mú ṣáṣá, inú àkọ̀ ló máa ń wà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àfi tí ẹja náà bá yí ìrù ló máa ń yọ síta. Ó lè ya ọwọ́ apẹja yánnayànna. Ìyá ní, "Olóólà ni nígbà yẹn." Láti ọjọ́ náà ni n kò ti rí orúkọ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀: abẹ wà, àkọ̀ wà, ilà náà sì wà lára ọ̀pọ̀ wọn.

Bàbá kan láàárín wa ti sọ pé olóólà kì í gé ẹni tí kò bá gbé ara rẹ̀ wá, ìjà ló sì ń mú ẹja yìí yọ abẹ. Ẹ ṣeun, bàbá. Ohun èlò ni mo ń wò, n kò wo ìdí tó fi ń lò ó. Ẹja pẹ̀lẹ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà: ewé tín-ín-tín-ín tó ń hù lára àpáta, irú èyí tó ń mú òkúta odò yọ̀, ni púpọ̀ nínú wọn ń fi ẹnu kékeré ha jẹ látàárọ̀ dalẹ́. Iṣẹ́ yẹn ni kì í jẹ́ kí ewé bo iyùn mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á há ara wọn sáàárín àpáta.

Kí n má gbàgbé, *àpáta iyùn* ni mo ń pe ibùgbé wọn. Ẹni tó rò pé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba nìkan ni iyùn, kó rántí pé ẹ̀dá abẹ̀mí ló mọ ọ́n, díẹ̀díẹ̀, nínú omi.

Àwọn ẹ̀yà Naso, tí àwọn náà wà nínú ìdílé ẹja yìí, ló kù. Abẹ tiwọn kò ní àkọ̀, ìta ló máa ń wà, àwọn kan sì ní ìwo níwájú orí. *Olóólà oníwo* tẹ́ mi lọ́rùn fún àwọn wọ̀nyẹn. Fún àwọn tí kò ní ìwo, *olóólà aláìlákọ̀* ni mo ń lò báyìí, ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó fúyẹ́ jù ú lọ, ẹ jọ̀ọ́, kó mú un wá.