Ìgbà wo ló yẹ ká pààrọ̀ bíléèdì ayùn?

Káfíńtà Sábó, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná la ń ṣe jù ní Sábó níbí, MDF, pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, la sì máa ń là. Bíléèdì wa, onínṣì 10, eléyín 60, ti ń jó etí pákó dúdú, etí fọmáíkà tó bo ojú rẹ̀ sì ń já wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń bá wa pọ́n ọn ní ó ṣì ṣeé pọ́n. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ká ra tuntun. Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé bíléèdì ti parí?

Ọ̀gá Iléṣà:
Àbúrò, pa iná ẹ̀rọ, yọ wáyà rẹ̀, kí o tú bíléèdì náà sílẹ̀ ná. Oje igi àti gọ́ọ̀mù inú MDF máa ń dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ eyín, á sì máa jó pákó nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, kí o wá gé àjákù pákó wò.

Bó bá ṣì ń jó, gbé eyín rẹ̀ sí oòrùn. Ẹnu tó mú kì í dán. Èyí tó ti kú á máa kọ mọ̀nà ní gbogbo etí rẹ̀ bí òwú funfun. Bí kábáìdì, irin líle tó wà lórí eyín kọ̀ọ̀kan, bá ṣì nípọn, pọ́n ọn, ṣùgbọ́n bi apọ́nbíléèdì yẹn bóyá òkúta dáyámọ́ńdì ló ń lò. Òkúta tí wọ́n fi ń pọ́n àdá ò ran kábáìdì.

Eyín tó bá ti kán, tàbí irin tó bá ti sán, mo bẹ̀ ọ́, má dá a padà sórí ẹ̀rọ. Ojú ọmọ ẹlòmíì ló wà níwájú ẹ.

Má sì fi oṣù kà á. Òkúta máa ń wà nínú ìrókò mìíràn, ó lè pa ẹnu bíléèdì tuntun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Pákó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4 tó bàjẹ́ àti epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu nígbà tí ayùn bá ń tiraka, owó bíléèdì nìyẹn.

Ìyá Alága, Modákẹ́kẹ́:
Ẹ gbọ́ ti ọmọ yẹn o. Ẹni tó ń ti pákó ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti ń wúwo. Méjì là ń lò níbi tiwa, ọ̀kan fún MDF, ọ̀kan fún ìrókò àti ọ̀gànwó. A kì í pa wọ́n pọ̀.

Káfíńtà Sábó, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo fọ̀ ọ́, jíjó náà dín kù, àfi pé mo rí eyín kan tó ti kán. A ó ra tuntun. Ti plénà, ẹ̀rọ tí a fi ń fá ojú pákó, ńkọ́?

Ọ̀gá Iléṣà:
Tọ̀hún yàtọ̀. Gbogbo ọ̀bẹ rẹ̀ ni kí o jọ pọ́n pọ̀, kí fífẹ̀ wọn dọ́gba, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀rọ á máa gbọ̀n. Nígbà tó bá tín-ín-rín débi pé irin ìdè ò lè dì í mú dáadáa mọ́, yọ wọ́n, kí o ra òmíràn.