Ewé omi inú táǹkì ẹṣin òkun mi: ibi tọ́rọ̀ parí sí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Mo béèrè lọ́wọ́ yín nígbà kan pé ẹranko wo ló lè bá mi jẹ ewé omi (algae, ohun tó máa ń hù sára nǹkan nínú omi) tó ń bo dígí táǹkì ẹṣin òkun mi (seahorse, ẹja kékeré tí orí rẹ̀ dà bí ti ẹṣin) l'Ákùúrẹ́, tí kò ní yọ wọ́n lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà ti lójùútùú.

Ìṣáwùrú inú omi iyọ̀ ni mo mú, Trochus àti Nassarius. Trochus ló ń ha ewé omi ara dígí jẹ. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn lálẹ́, ẹ ó rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé, tí ojú dígí sì ń mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nassarius kì í jẹ ewé ní tiẹ̀. Inú iyanrìn ló ń sá pamọ́ sí, àjẹkù edé ló sì ń jáde wá jẹ. Iṣẹ́ tiẹ̀ yìí ni mo kà sí jù, torí ẹṣin òkun kò ní àpò ìjẹun, ẹ̀ẹ̀melòó kan lójúmọ́ la gbọ́dọ̀ bọ́ ọ, àjẹkù tó bá sì jẹrà ni ajílẹ̀ fún ewé omi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n ra akàn, ẹ ṣé o, àmọ́ mi ò rà á. Ìrù ni ẹṣin òkun fi ń di nǹkan mú, kì í sì í yára. Akàn lè fi ọmọga mú un.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n dín iye wákàtí tí iná táǹkì ń tàn kù, Ọlọ́run á bù kún yín. Ìmọ̀ràn yín àti ìṣáwùrú ló jọ ṣe é. Mo ti pa ìbéèrè náà dé.