Ẹ̀yin tí ẹ fi igi ńlá sílẹ̀ nínú oko kòkó, kí lojú yín rí?

ỌmọÌdànrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi oko kòkó sílẹ̀ fún wa, ó tó éékà mẹ́rin. Afàrà mẹ́ta àti ìrókò kan wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gé gbogbo wọn, pé wọn ò jẹ́ kí kòkó rí oòrùn. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.

Sàgámù_Bọ̀ọ̀sì: Ẹ gé e.

AdéOko: Ìrókò kẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Olúwéré 😂

ÌyáOlóbì: Ẹ má gé nǹkan kan. Nígbà tí kòkó gbówó lórí lọ́dún 2024, ojú kòkòrò wọ̀ mí. Mo ní kí wọ́n gé arère mẹ́rin àti àyùnré tó wà létí odò. Kòkó kọ́kọ́ so, mi ò ní purọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ló fojú mi rí màbo. Etí ewé jó bí ìwé tí iná rà. Àwọn ọmọ èso tí ò tíì ju àtàǹpàkò lọ dúdú, wọ́n gbẹ mọ́ ara igi, wọn ò já, wọ́n kàn ń wò mí ni. Oòrùn tí mo lànà fún, ewé Akíntọ́lá ló jẹ èrè rẹ̀. Oko tí mò ń ro lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún di ẹ̀ẹ̀mẹrin.

IléOlújì_Ni_Mí: Ẹ ní Akíntọ́lá? Awólówọ̀ là ń pe ewé yẹn lọ́dọ̀ wa.

ÌyáOlóbì: Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Àtìgbà tí mo ti gbọ́njú, Akíntọ́lá ni.

AdéOko: Ìjà Awólówọ̀ àti Akíntọ́lá ọdún 1962 tún ti dé o.

Fẹ́mi_J4: Ibòji tó pọ̀ jù náà ń ba kòkó jẹ́ o. Lẹ́bàá igbó ọba J4 níbí, oko wa ṣókùnkùn débi pé ìrì kì í gbẹ títí aago mẹ́wàá. Tí òjò bá ti dá a dé lóṣù Keje, àmì dúdú kékeré á yọ lára èso, kó tó pẹ́ gbogbo rẹ̀ á ti dúdú. A ò gé igi lulẹ̀ o. A gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ kúrò, a sì ń ká èso tó ti rà kúrò lára igi. Oògùn tí à ń fín dín kù.

IléOlújì_Ni_Mí: Lẹ́bàá igbó ọba, àbí nínú rẹ̀? 👀 Ẹni tó ń ra tiwa ti fi fóònù ya ààlà oko wa. Ó ní òfin àwọn ará Yúróòpù ò ní gba kòkó tó ti ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́gbó rẹ̀ lẹ́yìn 2020 wá.

Fẹ́mi_J4: Bàbá bàbá mi ló gbin tiwa. Ẹ bi àwọn tó dé lánàá.

Olóko_Kékeré: Ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ agégẹdú. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó sáré débẹ̀, ìdígbó mi ti wó lu kòkó mẹ́tàdínlógún. Mo kà wọ́n. Ọkùnrin náà yọ ìwé tó ní sítáǹpù, ó ní ìjọba ló ni igi, èmi ni mo ni kòkó. Owó tó jù sí mi lọ́wọ́ ò ra àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta.

AdéOko: Mi ò ṣàwàdà mọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi lẹ́ẹ̀mejì. Látìgbà náà, tí bàbá bá rí ọmọ ìrókò tó hù lóko, àdá ni wọ́n fi ń bó èèpo ìdí rẹ̀ yípo, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó kú. Ta ló fẹ́ wo igi dàgbà fún olè?

Sàgámù_Bọ̀ọ̀sì: Ṣé mi ò ti sọ pé ẹ gé e?

ÌyáOlóbì: Ẹ gbin èyí tí agégẹdú ò ní wò lójú. Obì, orógbó, àgbálùmọ̀, ààpọ̀n. Lọ́dún tí kòkó kọ̀ yẹn, ìdí obì mẹ́sàn-án ló san owó iléèwé àwọn ọmọ mi.

Olóko_Kékeré: Ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀ yín, màmá. Ìṣákọ́lẹ̀ lèmi ń san. Onílẹ̀ ní kòkó nìkan la jọ sọ, tí mo bá gbin obì, mo fẹ́ jogún ilẹ̀ nìyẹn.

ỌmọÌdànrè: Ẹ̀gbọ́n mi ti kà á tán. Ó ní ká fi ìrókò sílẹ̀ nítorí Olúwéré, ká ṣì máa jà lórí afàrà. Ó ní kí n bi ÌyáOlóbì: ṣé gbànja ni àbí àbàtà?

ÌyáOlóbì: Gbànja. Àwọn tó ń kó o lọ sí Kánò ló ń wá bá mi lóko.