Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa yọ stent mi: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Ó pé ọjọ́ 12 lónìí tí wọ́n fi iná laser fọ́ òkúta inú kíndìnrín mi. Wọ́n wá fi stent sílẹ̀ sínú mi, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká bí ìkọ́ lókè àti nísàlẹ̀, láti kíndìnrín dé àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ lè máa rí ọ̀nà kọjá bí ibẹ̀ bá wú.

Kí n sòótọ́, rọ́bà yìí ń dà mí láàmú ju òkúta náà lọ. Bí mo bá ti ń tọ̀, ìrora á gùn mí láti ìsàlẹ̀ ikùn dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn. Bí mo bá rìn jìnnà, ìtọ̀ á pọ́n. Lóru, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ń dìde. Dókítà ní kò séwu, kí n ṣáà máa mu omi dáadáa.

Tèmi kò ní okùn tí wọ́n lè fà láti ìta. Kámẹ́rà ni wọ́n máa tì gba ojú ihò ìtọ̀ wọlé, ojú mi á sì là sílẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì apàrora nìkan ni wọ́n máa fi síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí gan-an.

Ṣé ó dùn yín, àbí ó kàn ṣàjèjì lára ni? Ṣé ẹ lo oògùn ìrora kẹ́ ẹ tó lọ? Mo gbọ́ pé ọ̀nà ìtọ̀ lè fún pọ̀ ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ìrora tún gbé dé. Èyí ló ń já mi láyà jù. Ṣé mo lè dá wakọ̀ padà sílé, àbí kí àbúrò mi tẹ̀ lé mi?