Wáṣà idẹ fún èèkù abẹ: kí ló ń mú un ya létí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ láti Sheffield nílẹ̀ England, oníwo léèkù, ni mò ń tún ṣe; wáṣà rẹ̀, òrùka irin kékeré tó máa ń wà lábẹ́ orí ìṣó tó de abẹ mọ́ èèkù, ti sọnù. Idẹ pẹlẹbẹ 0.5 mm ni mo ń lò. Mo ń lu ihò 1.6 mm kí n tó gé e ní róbótó sí 5 mm, torí ihò tí a bá lu gbẹ̀yìn kì í bọ́ sáàárín. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi irin olórí róbótó tẹ̀ ẹ́ sínú kòtò igi líle kó lè yọ ikùn, etí rẹ̀ á ya. Mo ti fi iná mú un pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó lè rọ̀. Ṣé kí n tún fi iná mú un láàárín títẹ̀ kan sí èkejì ni, àbí kí n lo idẹ 0.3 mm? Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé èyí tó fẹ́lẹ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ nígbà tí mo bá ń kan orí ìṣó.