LDL 178, statin ò ṣeé lò mọ́: kí la lè tò pọ̀ fún ìyá yìí?

Nọ́ọ̀sì Òkèfìà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó wà nídìí oògùn, oúnjẹ àti àyẹ̀wò. Ìyá kan wà lábẹ́ ìtọ́jú wa, ẹni ọdún 58, tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Atorvastatin 40 mg, ọ̀kan lára àwọn oògùn statin tó ń mú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wálẹ̀, tí wọ́n kọ fún un bá ẹran ara rẹ̀ jà: itan àti èjìká ń ro ó, kò lè dìde lórí àpótí láìdi nǹkan mú, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, CK (èròjà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹran ara bá ń bàjẹ́) sì ju ìlọ́po mẹ́wàá òdiwọ̀n tó yẹ lọ. Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n fa omi sí i lára, kíndìnrín rẹ̀ sì padà sípò. Dókítà ti kọ ọ́ sí fáìlì pé kò gbọdọ̀ lo statin kankan mọ́. TSH rẹ̀ dára, nítorí náà a ò lè dì í ru tairọ́ìdì.

Àyẹ̀wò òwúrọ̀ tí kò tíì jẹun: àpapọ̀ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù 252 mg/dL, HDL (èyí tó dára) 46, triglyceride (ọ̀rá mìíràn inú ẹ̀jẹ̀) 140, LDL (èyí tó ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀) 178. Oògùn tó ń lò báyìí ni amlodipine àti losartan tó ní hydrochlorothiazide nínú, fún ẹ̀jẹ̀ ríru, àti metformin fún ṣúgà.

Ọmọ rẹ̀ fi red yeast rice (ìrẹsì tí wọ́n fi ìwúkàrà sọ di pupa) ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ó ní ìrẹsì lásán ni, pé kì í ṣe statin. Ìyá fúnra rẹ̀ sì ti ń mu òróró àgbọn ṣíbí ìjẹun méjì láràárọ̀ torí wọ́n ní ó ń fọ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Kí ni kí n sọ fún wọn, kí sì ni a lè fi dípò oògùn tó bọ́ yìí?

Apòògùn Mọ́kọ́lá dáhùn:

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú red yeast rice kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló lè tètè pa ìyá yìí lára jù. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní monacolin K, kò yàtọ̀ sí lovastatin rárá. Statin gan-an ni, orúkọ ló yàtọ̀. Bó ṣe pọ̀ tó nínú ìgò kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti ìgò kejì, èyí ló mú kí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè é lọ́dún 2022 pé ohun tí ènìyàn máa lò lóòjọ́ kò gbọdọ̀ tó 3 mg. Àwọn ìgò kan tún máa ń ní citrinin, májèlé tí èbu ń ṣe, tó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú rí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ìfẹ́ ló fi rà á.

Kí n tó dé orí oògùn: ṣé agbára ti padà sí itan rẹ̀? Ara tí statin nìkan dà láàmú sábà máa ń bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá oògùn dúró. Bí ẹsẹ̀ bá ṣì wúwo lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, tí CK kò sì sọ̀ kalẹ̀, ẹ ní kí dókítà wá èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń gbógun ti HMGCR, èròjà inú ara tí statin ń dí. Àìsàn mìíràn nìyẹn, tí ara ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá ẹran ara jà, ìsinmi nìkan kì í sì í wò ó.

Ezetimibe ni mo máa kọ́kọ́ dì mú. 10 mg ni, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, àárọ̀ tàbí alẹ́, ó jẹun ni o, kò jẹun ni o. Ìfun ló ti ń ṣiṣẹ́: ó ń ti ilẹ̀kùn tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, àti èyí tó wá látinú oúnjẹ, àti èyí tí ẹ̀dọ̀ dà sínú ìfun pẹ̀lú òróòro. Òun nìkan máa ń mú LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó dá ẹran ara láàmú, àmọ́ bí ìrora bá tún yọjú, ẹ yẹ CK wò lọ́jọ́ náà.

Èkejì ni bempedoic acid, 180 mg lóòjọ́. Ọ̀nà kan náà tí statin ń dí ni òun náà ń dí, ó kàn ń dí i níwájú díẹ̀ ni. Ohun tó jẹ́ kó yẹ irú ẹni báyìí ni pé ẹ̀dọ̀ ló ń jí i kó tó ṣiṣẹ́, ẹran ara kò ní èròjà tó lè jí i. Ìwádìí CLEAR Outcomes tó jáde lọ́dún 2023 kó nǹkan bí 14,000 ènìyàn tí statin kò bá lára mu jọ, ó sì fún ìdajì wọn ní in: LDL ìdajì yẹn fi nǹkan bí ìdá 21 wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, ìkọlù ọkàn sì dínkù. Ewu rẹ̀ ni pé ó ń gbé uric acid (èérí kan inú ẹ̀jẹ̀) sókè, ó lè fa gout (kí oríkèé wú kó sì máa roni) àti òkúta inú òróòro, ó sì lè já iṣan tó so ẹran mọ́ egungun. Hydrochlorothiazide tí ìyá ń lò náà ń gbé uric acid sókè. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Cholestyramine wà bákan náà. Lúbúlúbú inú àpò 4 g ni, omi la máa ń pò ó mọ́, a kì í gbé e mì ní gbígbẹ. Ìnira rẹ̀ pọ̀: ó ń di inú pa, ó ń gbé triglyceride sókè, ó sì ń gbá oògùn mìíràn mọ́ra nínú ìfun, hydrochlorothiazide pàápàá. Oògùn yòókù gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ ní wákàtí kan tàbí kí ó tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Fún ẹni tó ti ń lo oríṣi mẹ́ta, n kò ní fi ṣe àkọ́kọ́.

Niacin (fítámínì B3) ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀. Ìwádìí ńlá méjì, ti 2011 àti 2014, fi hàn pé kò fi kún ààbò ọkàn fún àwọn tó ti ń lo statin. Èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì tún rí i pé ó ń da ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rú.

Ìkòkò Ìlera dáhùn:

Mo kí yín o. Ti òróró àgbọn ni kí ẹ dá dúró lónìí. Ọ̀rá tó máa ń dì ló ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó má kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ju ìdá 80 lọ nínú òróró àgbọn. Ṣíbí ìjẹun méjì ń gbé nǹkan bí 24 g ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wọlé, nígbà tí gbogbo èyí tó yẹ kí irú ìyá yìí jẹ lóòjọ́ kò ju 13 sí 15 g. Kò tíì jẹun àárọ̀ tó ti kọjá ààlà. Àdí kò sàn jù ú.

Nínú epo pupa, ọ̀rá dídì jẹ́ nǹkan bí ìdajì. Mi ò ní sọ pé kí ó má jẹ ẹ́ mọ́, torí kò ní gbà, bí ó bá sì gbà, yóò máa jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ wọn epo ìkòkò. Bí wọ́n bá da 200 ml sí ẹ̀fọ́ rírò tí ó máa tó ènìyàn mẹ́jọ, ọ̀rá dídì tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ju 11 g lọ. Bí wọ́n bá dín in sí 60 ml, ó bọ́ sí nǹkan bíi 3.5 g. Wọ́n á dín ata àti àlùbọ́sà nínú epo kékeré yẹn lórí iná jẹ́jẹ́, wọ́n á sì fi omi ẹran mú un rọ̀. Òróró ẹ̀pà tàbí ti sóyà, tí ọ̀rá dídì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 15 sí 20 lọ, ni kí wọ́n fi se ọbẹ̀ ata.

Ibi mẹ́ta ni mo ti ń rí i kí ó bàjẹ́. Àwọn kan rò pé epo tí wọ́n gbé kaná títí tí pupa rẹ̀ fi ṣí, irú èyí tó wà nínú ayamáṣe, ti di òróró. Àwọ̀ ló lọ, ọ̀rá dídì rẹ̀ kò dín. Àwọn mìíràn dín epo, wọ́n wá da omi ẹran tí ọ̀rá léfòó lórí rẹ̀ sínú ìkòkò. Ẹ ní kí wọ́n gbé omi ẹran sínú fíríìjì mọ́jú, kí wọ́n ṣí ọ̀rá tó bá dì lókè dànù. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ike òróró pé kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Kò sí òróró ewéko kankan tó ní in tó nǹkan. Ìlà tí wọ́n kọ saturated sí ni kí ojú yín lọ.

Ohun tí a ó fi kún un: ẹ̀wà sísè bíi 130 g lójúmọ́ ń mú LDL wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 5. Gbẹ̀gìrì, mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kuru gbà á. Àkàrà àti ẹ̀wà àgányìn kò gbà á, epo ti borí wọn. Ilá àti ewédú dára, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi káún sí i, iyọ̀ ni káún fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Ẹja Titus sàn ju ṣàkì àti awọ tòlótòló lọ.

Psyllium (èèpo hóró ewéko kan tí wọ́n lọ̀) wà lára àwọn fáíbà tó lágbára. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí tíì kan lóòjọ́, kí ó gùn ún díẹ̀díẹ̀ dé 10 g láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ife omi kíkún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá kéré, ó lè wú kó há a lọ́fun. Kí ó fi wákàtí méjì jìnnà sí oògùn. Ibi tí psyllium kò bá sí, oats gbígbẹ nǹkan bí 75 g lóòjọ́ ń fúnni ní 3 g beta-glucan, fáíbà inú oats, tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ṣúgà ni, ẹ fi oats rọ́pò ẹ̀kọ tàbí búrẹ́dì tó ń jẹ, kí ó má ṣe gorí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkèfìà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Agbára ti padà, CK ti wálẹ̀ pátápátá. Uric acid 7.8 mg/dL, gout kò ṣe é rí. Ezetimibe ni owó wọn ká báyìí. Níbo ni LDL yóò dé, ìgbà wo ni kí a tún gba ẹ̀jẹ̀?

Yàrá Àyẹ̀wò dáhùn:

Iye tí ẹ kọ́kọ́ kọ bá ìṣirò mu: 252, yọ HDL 46, yọ ìdámárùn-ún triglyceride tí í ṣe 28, ó ku 178. Bí triglyceride bá ju 400 lọ, ẹ má gbára lé ìṣirò yẹn. Bí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ fi í han dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ pín in sí 38.67, ó jẹ́ 4.6 mmol/L.

Ẹ má ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Ohun tó ṣẹ́kù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú lára. Ezetimibe: 178 di 146. Bí psyllium bá mú ìdá 7, ó di 136. Bí àyípadà epo bá mú ìdá 10, ó di 122. Bempedoic acid lè fà á dé nǹkan bí 96. Ìlànà Yúróòpù fẹ́ kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lábẹ́ 70. Abẹ́rẹ́ tó ń bá PCSK9 jà nìkan ló lè gbé e débẹ̀ láti 122: òun máa ń gé LDL tó ìdajì.

Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, yàrá àyẹ̀wò kan náà. Èmi ìbá ní kí ẹ dá àgbọn dúró ná, kí a rí ipa rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ezetimibe tó wọlé.

Apòògùn Mọ́kọ́lá:

Mi ò fara mọ́ ìdúró yẹn, ọ̀gá mi. Ewu tó wà lórí ìyá yìí pọ̀ ju kí a máa wádìí àgbọn lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ papọ̀.

Lórí uric acid 7.8 tó ga yìí: ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá hydrochlorothiazide ṣeé pààrọ̀. Losartan fúnra rẹ̀ máa ń mú uric acid wálẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, bempedoic acid ṣeé jíròrò.

Ní ti abẹ́rẹ́, PCSK9 ni wọ́n ń bá jà, èròjà ara tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó. Hobbs àti Cohen, àwọn olùwádìí ní Dallas, kọ ọ́ jáde lọ́dún 2006 pé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kan wà tí wọ́n bí mọ́ ẹ̀dà PCSK9 kan tí kò ṣiṣẹ́: LDL wọn fi ìdá 28 kéré, àìsàn ọkàn wọn sì fi ìdá 88 kéré. Evolocumab àti alirocumab jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì méjì, inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé, ẹ ronú iná mànàmáná kí ẹ tó sọ pé kí ọmọ rẹ̀ gbé e bọ̀. Inclisiran kò nílò fíríìjì: 284 mg lónìí, òmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Owó gbogbo wọn ń dáni dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ra ezetimibe, ẹ ní kí wọ́n ya àwòrán páálí rẹ̀ ránṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó. Wọ́n ń ta èyí tí wọ́n lù pọ̀ mọ́ simvastatin, atorvastatin tàbí rosuvastatin. Amlodipine náà ní èyí tí atorvastatin wà nínú rẹ̀. Ezetimibe 10 mg nìkan ni kí wọ́n kọ sára rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC.