Lárúbáwá ni àbí èdè Ṣáínà? JAMB fẹ́ẹ́ tì o!

Àbíkẹ́Mushin: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń tọrọ. Àbúrò mi fẹ́ yí kọ́ọ̀sì padà ní JAMB, wọ́n ní ọ̀la ni wọ́n máa tì í. Ó lóun ò ṣe Mass Comm mọ́, èdè ilẹ̀ òkèèrè ló wu òun. Ṣé Lárúbáwá ni kó mú àbí èdè Ṣáínà? Ilé ìwé wo ló dáa? Káfẹ́ la wà báyìí, iná ò sì dúró.

Alákọ̀wéAkọka: Máàkì rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ní ní WAEC? Ẹ ò sọ nǹkan kan fún wa. Tó bá jẹ́ èdè Ṣáínà, UNILAG ni. Láti 2009 ni Confucius Institute, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Ṣáínà, ti wà níbẹ̀, àwọn àti Beijing Institute of Technology ni wọ́n jọ dá a sílẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò le, etí ọmọ Yorùbá ti mọ òkè àti ìsàlẹ̀ látilé. Kíkọ ẹ̀ ni wàhálà. Ìwé onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ bíi ti ìṣirò la fi ń kọ ọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo lèèyàn á máa kọ títí ojú ewé á fi kún, tó bá jí lọ́jọ́ kejì, ó ti gbàgbé.

ỌmọMarkaz: Lárúbáwá ni kó mú jàre. Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka rẹ̀, ti Ìlọrin náà ní in, wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Markaz, ilé ìwé Lárúbáwá tí Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilory dá sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 1952, tó kó wá sí Àgége ní 1955, ibẹ̀ lèmi ti jáde. Nígbà tí mo dé yunifásítì, náhù, ìyẹn gírámà Lárúbáwá, tó ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi làágùn, eré ni lójú mi.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú: Ẹ ṣọ́ra fún Ṣáínà o! Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Éjẹ́ǹtì kan ní Ìkẹjà gbowó lọ́wọ́ wọn, ó ní yunifásítì ti gbà á, ọdún mẹ́rin. Ìwé náà dé, òǹtẹ̀ pupa rògòdò lórí ẹ̀, èdè Ṣáínà látòkè délẹ̀. Àwa ya fọ́tò, a jó, a ṣe ìdúpẹ́. Ìgbà tọ́mọ débẹ̀ nínú òtútù ni wọ́n wá ka ìwé fún un: kíláàsì èdè ni, sáà kan péré! Físà parí, ó padà wálé. Ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n tà o.

Kẹ́míSurulere: Háà! Éjẹ́ǹtì wo nìyẹn?

Alága_Ìdánilẹ́kọ̀ọ́: Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni níbí, a máa yọ ọ́.

Bọ̀dáTúndé_Guangzhou: Ẹ wo físà ni. X2 ni wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀kọ́ ẹ̀ ò ju 180 ọjọ́ lọ, X1 ni ti ẹni tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó ń lọ ṣe dìgírì tí wọ́n lẹ X2 mọ́ páàsípọ́ọ̀tù ẹ̀, kó ti bi ara ẹ̀ léèrè kó tó wọ bàálù. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní CSC, èèyàn lè fi fọ́ọ̀mù ẹ̀ ránṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọjà ló fẹ́ máa rà, kò nílò yunifásítì. Kó kọ́ nọ́ńbà àti "èló ni", fóònù á ṣe ìyókù.

ÌyáÌbejì_Ìkòròdú: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ẹ ò kúkú ní sọ pé ó burú.

Bọ̀dáTúndé_Guangzhou: Ìyá, éjẹ́ǹtì yín ló lù yín ní jìbìtì, Ṣáínà kọ́.

Dépò22: Lárúbáwá, kí ló fẹ́ fi ṣe? Àfáà?

ỌmọMarkaz: Wo eléyìí. Láti 1973 ni Lárúbáwá ti wà lára èdè mẹ́fà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń ṣiṣẹ́. Ó tún wà nílé wa níbí. Ṣé o mọ iye ìwé àjàmì, èdè wa tí wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ, tó wà nínú àpótí àwọn bàbá n'Ílọrin? Láti 1964 ni Ìbàdàn ti dá ibi tí wọ́n ń kó irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ sílẹ̀.

Dépò22: Mo bi ọ́ níṣẹ́, o ń sọ àpótí.

ÀńtíRísí: Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe páàsípọ́ọ̀tù kíákíá?

Àbíkẹ́Mushin: Ẹ má bínú, iná lọ. 214 ló gbà. Ó ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Lítíréṣọ̀, IRK àti Góvámẹ́ǹtì. Kò ṣe Arabic ní WAEC, ṣùgbọ́n ó ti ṣe wòlímọ̀.

ỌmọMarkaz: Áà. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ èyí tẹ́lẹ̀. Èèyàn lè ka Kùránì já kó má lè fi Lárúbáwá ra omi. Kò sí Arabic ní WAEC, kò sì ní sánáwì, ìwé ẹ̀rí girama Lárúbáwá, á ṣòro kí wọ́n mú un tààrà. Kó kọ́kọ́ lọ ṣe dípúlọ́mà.

BàbáRafiu: Àwa tá a kà á láyé ijọ́un, Arabic Village, ibi ìkọ́ Lárúbáwá ní Ngala ní Borno, ni wọ́n ń kó wa lọ kétí wa lè là, kí Boko Haram tó da ibẹ̀ rú. Kó ṣe Lìǹgúísíìkì. Bó bá tán, kó yan èdè tó bá wù ú.

Alákọ̀wéAkọka: Pẹ̀lú WAEC yìí, Ṣáínà ló bá a mu jù. Ẹ wo brochure JAMB kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Àbíkẹ́Mushin: Ẹ ṣé gan-an ni. A ti tẹ̀ ẹ́. Faransé ni, LASU. Ọkọ mi ló ní Kùtọnu ò jìnnà, àti pé wọ́n á ṣáà mú wọn lọ French Village, ibi ìkọ́ Faransé ní Badagry.

Dépò22: Faransé kẹ̀?! Ta ló dárúkọ Faransé níbí?

Alákọ̀wéAkọka: Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń tẹ̀wé fún ẹni tí ọkọ ẹ̀ ti pinnu.

Kẹ́míSurulere: ÌyáÌbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ éjẹ́ǹtì yẹn ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ìkẹjà náà ni tèmi wà, ọ̀túnla ni mo fẹ́ sanwó fún un.